Ìbọ̀sẹ̀ Tí Gulsifat Hun fún Ara Rẹ̀

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti ti Gulsifat. Bí ó bá wúkọ́, mo máa gbọ́. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, mo máa gbọ́ ìyẹn náà, n ó sì fi ṣíbí kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Èyí tí ojú mi kò ṣe, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Abúlé wa kò ju ilé mẹ́rìnlélógún lọ, létí odò Bartang, níbi tí òkè ti fún odò mọ́ra débi pé oòrùn ìgbà òtútù kì í bá wa gbé ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́. Ọ̀nà tó wọlé náà ló jáde. Bí yìnyín bá ti ya láti orí òkè tó sì dí i lóṣù Kejìlá, ó di ìgbà tí ó bá wù ú kí ó tó ṣí.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni Gulsifat nígbà náà. Ìlú àwọn ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé ọkọ, pẹ̀lú àpótí kan tó kún fún ìbọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbé gbogbo wa wá. Ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ fún ará ilé ọkọ ní ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún, aláràbarà, bẹ̀rẹ̀ látorí baba ọkọ títí dórí ọmọ tó ń rákò. Ọwọ́ Gulsifat mọ́ jọjọ. Láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò máa hun ún lọ sókè pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kékeré kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu, ẹ ò sì ní rí ibi tí àwọ̀ kan ti parí tí òmíràn ti gbà á. Láti abúlé mẹ́ta ni wọ́n ti ń wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó ti hun tó igba, ó ti lé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo ẹsẹ̀ òun alára, ògbólógbòó ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti gé dé ọrùn ẹsẹ̀ nítorí pé òkè rẹ̀ ti gbó.

Ọkọ rẹ̀, Imomdod, ń kọ́lé fún àwọn ará Rọ́ṣíà. Ọdún kẹrin nìyẹn tí kò ti wálé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ọkọ ní ìlú Khorog. Ó wá ku Gulsifat àti ìyá ọkọ rẹ̀, Davlatmo, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju dòjé lọ. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni Davlatmo gun orí òrùlé láti lọ sá koríko màlúù, ó yọ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni ibùsùn rẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni Gulsifat ń yí i padà, kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé póò, òun ló ń rún búrẹ́dì sínú tíì oníwàrà fún un láràárọ̀.

Olùkọ́ ni mí, fóònù kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lábúlé wa sì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, èmi ni ìròyìn kọ́kọ́ máa ń bá. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ọ̀nà dí ni ẹ̀gbọ́n Gulsifat pè láti ìsàlẹ̀ odò. Ó ní ìyá àwọn ti ṣubú lójijì, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, orúkọ Gulsifat ló sì ń pè látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo lọ sọ fún un. Ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú ọpọ́n.

Davlatmo gbé orí sókè níbi tó dùbúlẹ̀ sí. "Kí ni wọ́n ló ṣe ìyá rẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ló rọ, Ìyá," ni mo fèsì.

"Ẹ̀gbẹ́ kan! Ó ṣì ku ẹ̀gbẹ́ kan tó ń lò. Tèmi ńkọ́, tí gbogbo ìsàlẹ̀ ti kú?" Ó yíjú sí Gulsifat. "Ta ni yóò máa yí mi bí o bá lọ? Ewúrẹ́?"

"Ọ̀nà ti dí, Ìyá. N kò lọ síbì kankan."

"Mo mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Ojú rẹ ni kò tíì mọ̀."

Gulsifat tún bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun rẹ̀. Ó pò ó títí ó fi le bí òkúta.

Bí ọjọ́ bíi mélòó kan ti kọjá, ó wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ká ṣòkòtò sókè. "Zarafo, bá mi di eléyìí mú síbí, nísàlẹ̀ orúnkún."

"Ta lo fẹ́ hun ìbọ̀sẹ̀ fún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bíi tìẹ?"

"Èmi ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ogún ọdún lé ni mo ti ń wọn ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Mo mọ ti gbogbo ọkùnrin abúlé yìí lórí. N kò mọ tèmi." Ó so okùn náà ní kókó méjì: ọ̀kan níbi ọrùn ẹsẹ̀, èkejì níbi tí ẹran ẹsẹ̀ ti sanra jù. "Bí yìnyín bá le lóṣù Kẹta, n ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá ìyá mi."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni! Nínú yìnyín! Àwọn ọkùnrin gan-an ń bẹ̀rù rẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó dé orúnkún."

Irun àgùntàn tó ti ran tó kù sílé kò pọ̀: funfun, dúdú, àti pupa díẹ̀ tó ti fi gbòǹgbò pa láró. Ó bẹ̀rẹ̀. Kò rí àyè jókòó tì í. Yóò hun ìlà méjì, Davlatmo á pè é. Yóò hun ìlà kan, màlúù á ké. Ìgbésẹ̀ méje ni ó wà láti ìdí ààrò dé ẹnu ọ̀nà, mo ti kà á rí. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìsun omi, ihò tóóró tí a wa nínú yìnyín ni, ògiri rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ níhà méjèèjì. A ó lọ pọnmi, a ó tún padà. Ojú ọ̀run tí à ń rí kò ju èyí tó hàn lójú fèrèsé òrùlé lọ. Ní oṣù Kìíní, Gulsifat dákẹ́ débi pé mo máa ń kan ògiri láìnídìí, kí n kàn lè gbọ́ kí ó kan án padà.

Davlatmo ti ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ yẹn.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Tèmi ni, Ìyá."

"Tìẹ bí ti báwo? Ibo lò ń lọ tí wàá fi bo orúnkún? Ilé gbóná."

"Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ààrò."

"Ṣé o gbọ́, Zarafo? Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyàwó ọmọ mi ń fi èmi aláìlẹ́sẹ̀ sọ!" Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìbọ̀sẹ̀ náà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Ó rẹwà. Pupa àti dúdú fi ara kọ́ ara bí ìwo àgbò, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé òkè. Ó fọ̀ ọ́, ó fi kọ́ sókè ààrò kí ó gbẹ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Muqbilsho dé.

Ará òkè odò ni Muqbilsho, ilé rẹ̀ ju tiwa lọ sókè. Ó ti há sí ìsàlẹ̀ láti oṣù Kejìlá, ó sì ti pinnu pé bí ikú bá fẹ́ pa òun kí ó pa òun lójú ọ̀nà ilé. Ó la ibi tí yìnyín ti ya kọjá. Òun ni àlejò àkọ́kọ́ tí a rí láti bíi oṣù méjì, gbogbo abúlé sì ló sáré tẹ̀ lé e. Ilé Davlatmo ló kọ́kọ́ yà, nítorí pé òun ló dàgbà jù. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti já, omi ń kán nínú rẹ̀, ọmọ ìka rẹ̀ ti funfun bí àbẹ́là.

Davlatmo wo ẹsẹ̀ náà. Ó wo òkè ààrò. Ó ní, "Gulsifat, mú ìbọ̀sẹ̀ yẹn wá fún àlejò."

Èmi wà níbẹ̀. Ta ló lè kọ̀? Ẹni tó la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé tọ̀ wá wá, ṣé a óò jẹ́ kó jáde lẹ́sẹ̀ òfo? Bí ó bá jẹ́ ilé tèmi ni, bóyá ohun tí èmi náà ìbá ṣe nìyẹn. Gulsifat na ọwọ́ sókè, ó já a, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. "Àbúrò, ìbọ̀sẹ̀ obìnrin lèyí. Ẹlòmíràn ni ẹ hun ún fún."

"Ẹ wọ̀ ọ́," ni Gulsifat wí. "Ẹsẹ̀ yín ń kú lọ."

Ó wọ̀ ọ́. Ó fún un díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọlé. Gulsifat gbé korobá, ó ní òun ń lọ pọnmi. Bẹ́ẹ̀ omi ti kún inú ìkòkò méjèèjì tẹ́lẹ̀. Mo tẹ̀ lé e, mo bá a nínú ihò yìnyín yẹn, ó fi orí ti ògiri rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Zarafo, mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Bí mo bá bínú, ta ni mo fẹ́ bínú sí? Ẹsẹ̀ tó tutù?"

Òwú tán. Irun àgùntàn kò ní sí títí ìgbà ìrúwé. Mo fún un ní ohun tó kù lọ́wọ́ mi, kò tó bo ẹsẹ̀ ọmọdé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún pè. Ìyá àwọn ti ń gbé oúnjẹ mì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, ariwo tí mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri, n kò kan ṣíbí sí i. Mo sáré lọ ni.

Gulsifat ti ṣí àpótí rẹ̀, ó ti mú súẹ́tà kan jáde, eléérú, tó nípọn, tó ti hun sílẹ̀ fún Imomdod lọ́dún tó lọ pé bí ó bá dé yóò wọ̀ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó ti já ojú òwú kan lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń tú u. Òwú náà ń bọ̀ bí ìfun.

"Ọmọ mi lò ń tú yẹn!" ni Davlatmo ń pariwo. "Ara ọmọ mi ni! Àyà rẹ̀ nìyẹn!"

"Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, Ìyá."

"Bí ó bá dé lọ́la ńkọ́?"

"Ọ̀nà ti dí." Ó ń tú u lọ. "Bí ó bá dé lọ́la, n ó hun òmíràn."

Davlatmo gbá ife tíì rẹ̀ sókè, ó fọ́ mọ́ òpó ilé. Gulsifat dìde, ó gbá àfọ́kù rẹ̀, ó nu ilẹ̀, ó yí ìyá ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì nítorí pé àkókò tó, ó sì padà jókòó sídìí òwú rẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn méjèèjì kò fi bá ara wọn sọ ju "ẹ yí díẹ̀" àti "omi" lọ.

Òwú tí a tú máa ń ká bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lórí. Ó ní láti rẹ ẹ́ sómi, kó nà án, kó tún un ká. Mo bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì rí Davlatmo tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta lórí ibùsùn, ìdì òwú wà lọ́wọ́ rẹ̀, Gulsifat sì ń ká a sí bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wo èmi. Nígbà tó pẹ́, Davlatmo ní, "Jẹ́ kí ó kọjá orúnkún."

"Ìyá?"

"Ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Níbi tí odò ti yà, kí o tó dé ibi afárá, yìnyín ibẹ̀ kì í mọ sí orúnkún. Kí ó gòkè tó ìbú ọwọ́ mẹ́rin, kí o sì fi okùn so ó."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo mọ̀ ni." Nígbà tó yá ló wá ní, "Imomdod wà lẹ́yìn mi, kò tíì pé ọdún kan. Wọ́n ní bàbá mi ń kú lọ. Mo rìn débẹ̀. Ọmọ ń ké, yìnyín wọ inú bàtà mi, mo padà." Ó na ọwọ́ rẹ̀ síta sí i. "Ká a dáadáa, ó ti ń rọ̀."

Ìyẹn kò wá di ìfẹ́ o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló bú u nítorí iyọ̀. Ṣùgbọ́n kò tún bèèrè ta ni yóò máa yí òun.

Èmi ni yóò máa yí i. Ọjọ́ mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣèlérí.

Ní àárín oṣù Kẹta, Muqbilsho sọ̀kalẹ̀ láti òkè odò, ó fẹ́ lọ gbé ìyẹ̀fun àlìkámà wá. Ìbọ̀sẹ̀ Gulsifat ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní ojú ọ̀nà ti le, òun yóò mú Gulsifat dání bí ó bá lè rìn láìdúró. Gulsifat wọ ìbọ̀sẹ̀ eléérú tirẹ̀, èyí tí kò ní àrà kankan lára, tó gòkè ju orúnkún lọ, ó so ó. Ó yí Davlatmo padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Davlatmo ní, "Má fara sún mọ́ ìhà odò." Ó sì kọjú sí ògiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, yìnyín ya níwájú wọn. Kí wọ́n tó yíjú padà, òmíràn ya lẹ́yìn. Àhéré darandaran kan wà níbẹ̀, òkúta tí a tò léra, wọ́n sá wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n há síbẹ̀. Wọ́n ń pọ́n ìyẹ̀fun èso gbígbẹ lá, wọ́n ń yọ́ yìnyín mu. Gulsifat sọ fún mi pé ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gba òun. Ó ní, "Mo kúrò nínú yàrá kan, mo bọ́ sínú èyí tó kéré jù ú lọ." Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ikú. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kú síbẹ̀, wọn yóò ní obìnrin tó fi ìyá ọkọ rẹ̀ aláìsàn sílẹ̀ ló kú yẹn.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, yìnyín le, wọ́n gun orí rẹ̀ kọjá. Níbi tí odò ti yà, ilẹ̀ jìn lẹ́sẹ̀ Gulsifat, ó rì dé itan. Nígbà tí Muqbilsho fà á jáde, bàtà kan kù sínú ihò. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ wa ilẹ̀, ó wá a títí ó fi rí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, Gulsifat dúró lórí yìnyín pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ náà le gbandi bí igi níta, ṣùgbọ́n omi kò kan òun lára.

Ó dé ilé ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Ìyá náà ṣì wà láàyè. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ nǹkan kan ṣáá. Gulsifat tẹ etí lélẹ̀ dáadáa kó tó gbọ́ ọ.

"Ta ló wà pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ?"

Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dun òun ju òtútù lọ. Ó fèsì pé Zarafo ni. Ìyá rẹ̀ mi orí, bí ẹni pé ìyẹn kò dára tó, síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní tèmi, mo ń ṣe ohun tí mo lè ṣe. Davlatmo jẹun lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ Navruz, ọdún tuntun tiwa nígbà ìrúwé, mo fi orí àgùntàn se àlìkámà, mo gbé e lọ fún un. Ó di ẹnu. Lọ́jọ́ kejì, ó di ẹnu. "Ọwọ́ rẹ le," ló sọ fún mi. "O ń gbá mi mú bí àpò." Ní ọjọ́ kẹta, ó mu omi nìkan. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo dúró ti fóònù náà pẹ́. Bí mo bá pè é, yóò padà. Bí n kò bá pè é, tí obìnrin yìí sì kú, kí ni n ó sọ? Mo pè é. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe dára.

Ó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin péré. Ó bá Muqbilsho àti ìyẹ̀fun rẹ̀ padà. Davlatmo jẹ àwo méjì lọ́jọ́ tó dé, ó sì ní iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Imomdod pè ní oṣù Kẹrin. Gulsifat mú ọkàn le, ó sọ fún un pé òun ti tú súẹ́tà rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù ketekete: "Súẹ́tà wo?"

"Kò sí," ni Gulsifat wí. "Ṣé ara yín le?"

Ní oṣù Kẹfà, wọ́n pè wá pé ìyá rẹ̀ ti kú. Ọ̀nà ti ṣí nígbà náà. Mọ́tò kan ń sọ̀kalẹ̀ lọ, wọ́n sì fún un láyè níwájú. Ó débẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú jáde, ó wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó jókòó tì í títí wọ́n fi tan àtùpà tí àṣà wa ń tàn fún òkú, ó sì padà wá ní ọjọ́ kẹrin, nítorí pé ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní mo lè fi yí Davlatmo.

Ó wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ náà kó tó wọ ilé tirẹ̀. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ nípa òkú. Ó jókòó, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Wákàtí mẹ́rin," ló wí. "Zarafo, wákàtí mẹ́rin péré ni mọ́tò náà fi gbé mi débẹ̀. Awakọ̀ ń kọrin. Ó dúró ra búrẹ́dì lọ́nà."

Ìgbà náà ló tó sunkún. Lẹ́yìn ògiri, Davlatmo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì ti ń pè é.